Má Tíì Gbé Ọkọ̀ Bàbá Ìyá Rẹ Sórí Omi

Ìlàrè,
Ilé-Ifẹ̀.

Káyọ̀dé Àkànní ọmọ mi,

Kí o tó ka ohunkóhun mìíràn nínú ìwé yìí, ka èyí ná: má tíì gbé ọkọ̀ bàbá ìyá rẹ sórí omi. Má wọ inú rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, má sì de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Bí o bá ti tì í dé etí omi kí ìwé yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fà á padà sábẹ́ àtíbàbà tó wà. Ó yá, mo wá lè kí ọ wàyí. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé ẹ̀fọn etí omi ò tíì gbé ọ lọ? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Bísí àbúrò rẹ náà ń kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ẹja gbígbẹ tí o ṣèlérí.

Ọjọ́ Sátidé ni dírẹ́bà tó ń ná Òkìtìpupa já lẹ́tà rẹ sí gáréèjì, Bísí ló sì kà á fún wa nínú pálọ̀. Inú wa dùn púpọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà náà ti bọ́ sí i, àti pé ìlú àwọn ìyá rẹ gan-an ni wọ́n gbé ọ lọ. Bísí kà á dé ibi tí o ti ní òdìkejì omi ni ilé ẹ̀kọ́ wà, pé ọkọ̀ èrò kì í tètè kún láàárọ̀, pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pípẹ́. O wá ní o ti rí ọkọ̀ Bàbá àgbà, pé ọ̀dà tí mo kùn ún ṣì ń dán, pé o ti fọ̀ ọ́, àti pé ìwọ pẹ̀lú àwọn tíṣà méjì àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé lápá ibẹ̀ lẹ ó jọ máa wọ̀ ọ́. O ní Àǹkù Olú, àbúrò ìyá rẹ, ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la lórí ọ̀rọ̀ náà, kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda rẹ̀.

Bísí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, ẹ ò rí bí iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe pẹ́ tó.” Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó fi ojú kan tó ṣẹ́kù fún un wò mí. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo mọ́tò kan ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gbé bírò tí mo tún ń gbé e sílẹ̀.

Ọmọ mi, ọkọ̀ náà kò dára. Èmi ni mo tún un ṣe tì, mo sì ti jẹ́ kí gbogbo yín máa yìn mí lórí rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni o jẹ́ nígbà náà, Bísí ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ. Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ti mú mi lọ́kàn gan-an, èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ará yunifásítì ń gbé mọ́tò wọn wá bá mi ní Ìlàrè, àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ń gbé tiwọn wá. Mọ́tò tí tírélà bá gbá, bí mo bá ṣe é tán, ẹni tó ni ín á kọjá lára rẹ̀ láì dá a mọ̀. Mi ò fọ́nnu, o mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ yẹn ti kó sí mi lórí. Mo ti gbà pé kò sí ohun tó ní ara tí mi ò lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Bàbá ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ọlọ́kọ̀ ni wọ́n. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń kó àwọn obìnrin ẹlẹ́ja láti abúlé lọ sí Igbókọ̀dá, tí wọ́n sì ń kó wọn padà. Ọkọ̀ fáíbà tí ilé iṣẹ́ apẹja kan ti lò gbó ni wọ́n rà. Ó yá ju ọkọ̀ onígi lọ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó wá lọ kọ lu kùkùté igi kan lábẹ́ omi, abẹ́ rẹ̀ sán láti iwájú wá sí àárín, ó gùn tó apá mi. Nígbà tí a lọ kí wọn fún ọdún tuntun, ọwọ́ kan ni Bàbá fi ń tọ́ ọkọ̀, ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń fi igbá gbọ́n omi dànù.

O mọ bí a ṣe ń ṣe àna nílẹ̀ wa. Bí òrùlé àna ẹni bá ń jò, bí oko àna ẹni bá ń fẹ́ ebè, ọkọ ọmọ kì í dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á sì ṣe é láì gba nǹkan kan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí fún Bàbá. Mi ò mọ oko, mi ò mọ odò. Ọkọ àbúrò ìyá rẹ obìnrin ti kan afárá pákó kan fún wọn létí omi, gbogbo ilé ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń súre fún un. Ó ń jẹ mí lára, mi ò lè purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ ọdún yẹn, lójú gbogbo ẹbí, mo dìde, mo ní, “Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ yẹn fún mi. Màá dá a padà fún yín ní tuntun.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Àna mi, ẹ ṣeun. Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ odò níbí tó mọ iṣẹ́ fáíbà, a ti bá a sọ ọ́.”

Mo ní rárá o, kí ni wọ́n ń fi àna ṣe nígbà náà? Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yẹn, kò sí bí Bàbá ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù la fi gbé e wá sí Ifẹ̀. Ìlàrè jáde wá wò ó. Màmá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa bi mí bóyá mo ti gbọ́ pé ìkún omi ń bọ̀ tí mi ò sọ fún àdúgbò. Àwọn oníbàárà mi ń gun inú rẹ̀ lọ ya fọ́tò. Mo gbádùn ara mi lọ́sẹ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá rẹ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó pọn Bísí jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi kọ́bọ̀ kan ń kan abẹ́ ọkọ̀ náà káàkiri, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń yan ìkòkò lọ́jà. Ó ní, “Bàbá Káyọ̀dé, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún níbí. Omi ṣì wà nínú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ sì ṣí àwọn pákó inú rẹ̀, torí ó sán dé inú, ìta nìkan kọ́.”

Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo yíjú sí wọn, mo ní, “Ẹ wá wo nǹkan. Aránṣọ ti di ọ̀gá mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń rín kí ìtìjú má baà pọ̀ jù. Ó sọ kọ́bọ̀ náà sápò, ó wọlé. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ọkọ̀, tó ti mọ àjẹ̀ dì mú kó tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú, òun ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tí kò rí omi tó ju odò Ọ̀pà lọ rí.

Ohun tí mo mọ̀ fún mọ́tò ni mo ṣe fún ọkọ̀ náà. Mo fi sáńpépà ha ojú ibi tó sán, mo fi bódì fílà tí a fi ń dí ara mọ́tò dí i, mo lẹ aṣọ fáíbà ẹyọ kan lé e láti ìta, mo tún ha á títí tó fi dán, mo wá fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ aró sí i, mo sì fa ìlà funfun yí i ká. Mi ò ṣí pákó kankan. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo lò, torí ìdúpẹ́ ọdún ìjọ àwọn Bàbá ti súnmọ́, mo sì fẹ́ kó dé nígbà tí èrò bá pọ̀. Mo tún fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ÀNA RERE sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ náà ti rí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, láti yin ara mi.

Mo dán an wò o, kí o má rò pé mi ò dán an wò. Mo gbé e lé orí táyà, mo pọn omi kún inú rẹ̀ bí ẹni ń pọn omi sínú àmù, mo fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Omi kò kán jáde níbì kankan. Mo pe ìyá rẹ wá wò ó. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́,” ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Èmi ọmọ Ifẹ̀, omi kànga àti omi ẹ̀rọ ni mo mọ̀. Lójú mi, ohun tí kò bá ti jò síta kò lè jò sínú. Mi ò mọ̀ pé omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń mì í, tó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí èèyàn mẹ́wàá àti ẹrù wọn sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ò ń kọ́ níbẹ̀ mọ ìyẹn.

Nígbà tí a gbé e dé abúlé, Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọ̀dà náà rẹwà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìka kan ojú ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbójú sókè wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ wolẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé ẹwà iṣẹ́ mi ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bàbá wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n súre fún mi títí. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí ti rẹwà jù láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹbí kọ́kọ́ fi wòran ná. Mo padà sí Ifẹ̀ bí ẹni tó joyè.

Ọdún mẹ́jọ kọjá kí n tó mọ òótọ́. A ti sin Bàbá tán, èmi àti Àǹkù Olú jókòó lábẹ́ àtíbàbà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára, mo ní, “Olú, wo bí Bàbá ṣe tọ́jú ọkọ̀ yìí. Kò ha níbì kankan.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa ha, nígbà tí kì í dé omi?”

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ kẹta tí a kúrò níbẹ̀, òun àti Bàbá gbé e sórí omi, àwọn méjì péré, láì kó èrò. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, fílà tí mo fi dí i ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ti ń já bọ́ ní ègé ègé. Omi ń wọlé lábẹ́ àwọn pákó tí mi ò ṣí, níbi tí ojú kò ti lè rí i, ìgbà tó fi mù wọ́n lẹ́sẹ̀, ìdajì ọkọ̀ ti kún. Ọlọ́run ló yọ wọ́n pé omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ni, tí àwọn obìnrin yẹn àti àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n wà nínú rẹ̀ láàárín omi jíjìn, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe máa gbé ayé.

Ọkùnrin oníṣẹ́ fáíbà ìsàlẹ̀ yẹn gbọ́, ó wá, ó ní òun á tún un ṣe. Bàbá kọ̀. Wọ́n sọ fún Olú pé bí ọkùnrin yẹn bá tú u palẹ̀, á ròyìn ohun tó bá nínú rẹ̀ ní gbogbo èbúté, wọ́n á bèèrè ẹni tó ṣe é, wọ́n á sì dárúkọ àna Ifẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi wà nílé rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.” Wọ́n ní kí Olú gbọ́n omi inú rẹ̀, kó nù ún, kó fi fílà àti ọ̀dà díẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ dí ojú ibẹ̀, kó sì gbé e sábẹ́ àtíbàbà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọkọ̀ ọdún ni.

Báyìí ni Bàbá ṣe fi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré sílẹ̀ nítorí ojú mi. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja wá ọkọ̀ mìíràn. Bàbá ń jókòó létí omi, wọ́n ń bá àwọn ẹlòmíràn tún àwọ̀n ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Igbókọ̀dá, ọkọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ bí èrò. Èmi náà sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, màá lọ sábẹ́ àtíbàbà, màá fọwọ́ nu ọkọ̀ náà, màá ní, “Bàbá, ẹ rí iṣẹ́ àbí ẹ ò rí i?” Wọ́n á ní, “Mo rí i, àna mi.” Káyọ̀dé, bí mo bá rántí ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́, n kì í lè jẹun.

Ìbínú ni mo kọ́kọ́ bí. Mo ń ráhùn nínú bọ́ọ̀sì láti Òkìtìpupa títí dé Oǹdó pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ìyá rẹ jẹ́ kí n ráhùn tán. Ó ní, “Mo sọ fún yín.”

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀, ọdún mẹ́jọ mìíràn tún ti lọ, mi ò sì sọ fún ìwọ àti Bísí. Nígbà tí o bá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé Dádì rẹ lè tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló fẹ́ gbé ọ wọ inú omi báyìí. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi.

Àwọn bàbá mìíràn á ti gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tuntun rẹ. Èyí tí mo ní nìwọ̀nyí, inú àṣìṣe mi ni mo ti mú gbogbo wọn.

Àkọ́kọ́, má ṣèlérí iṣẹ́ tí o kò ṣe rí níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Bí o bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, lọ bá a ní kọ̀rọ̀, kó lè rí àyè sọ fún ọ pé rárá. Ká ní ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá Bàbá sọ ọ́, wọn ì bá ti gbé ọkọ̀ wọn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ì bá sì wá ohun mìíràn ṣe fún wọn. Ọ̀dà lásán ni mo mọ̀, mo sì lè kun ojú fèrèsé ilé wọn.

Èkejì, ohun tí o mọ̀ dáadáa ló lè tàn ọ́ jù. Ká ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà àti fílà, ǹ bá ti bèèrè. Nítorí pé mo mọ̀ ọ́n fún mọ́tò, mi ò bèèrè. O ti di tíṣà báyìí, o sì gba ìwé ẹ̀rí tó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ kan á wà ní kíláàsì rẹ tí á mọ ẹja, tí á mọ omi, tí á mọ ojú ọjọ́ jù ọ́ lọ. Bó bá ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí o sì bi í ní ìbéèrè kejì. Ìbéèrè kejì yẹn ni mo kùnà. Ká ní mo bi ìyá rẹ pé, “Báwo lo ṣe mọ̀?” ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀.

Èkẹta ni ó dùn mí jù. Ọjọ́ kan lọ́jọ́ iwájú wàá fẹ́yàwó. Má fi ṣe ẹlẹ́yà lójú èrò, kódà bí ó bá jẹ́ eré. Ọjọ́ tí mo pe ìyá rẹ ní ọ̀gá mi níwájú àwọn oníbàárà, mo rò pé mo dá àpárá lásán. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ ohun tó mọ̀ fún mi mọ́, àfi tí mo bá bi í. Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fún ọ̀dà, àlòkù, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń tà á tàn án fún wa. Ó gbọ́ pé ó ń jò. Mo rà á, kò lò tó oṣù kan. Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ni, ó ní, “Ẹ ò bi mí.” Mo bínú, mo pè é ní olóríkunkun. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ tí kò ríran mọ́, o rò pé àgbà ló dé. Ó ti ń ṣókùnkùn fún un bí ọdún kan kí n tó mọ̀. Ọjọ́ tí ó rán apá ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọrùn ni mo tó bi í. Dókítà ní ká ní a tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn dá a dúró níbi tó dé. Nínú tákísí tí à ń wọ̀ bọ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí n tún sọ pé aránṣọ ti di dókítà. Àkànní, mo sunkún nínú tákísí yẹn. Dírẹ́bà rò pé èèyàn ló kú.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí tó kàn jẹ́ nípa Bàbá. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n sì fi ìfẹ́ náà bò mí. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, ta ni mo jẹ́? Àmọ́ kí o má fara wé wọn nínú ìyẹn. Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ tì fún ọ, pè é sẹ́yìn ilé, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un. Ká ní Bàbá pè mí lọ́jọ́ náà, ojú ì bá tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí, ọdún mẹ́jọ rèé tó ti ń tì mí, wọn kò sì sí mọ́ kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Nípa ọkọ̀ náà wàyí. Ìyá rẹ ló ń sọ ọ́, èmi kàn ń kọ ọ́ ni. Ṣí gbogbo pákó inú rẹ̀, kí o kó wọn jáde. Gbé ọkọ̀ náà dojú dé lórí igi méjì níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òjò kò sì gbọdọ̀ pa á. Ha ọ̀dà mi àti fílà mi kúrò, má ṣàánú rẹ̀, títí kan ibi tí mo kọ nǹkan sí. Fi kọ́bọ̀ kan gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá dún kọ́kọ́ bí ohun tó le, ó dára. Ibi tó bá dún bòòbò bí igbá òfìfo, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó lọ ojú ibi tó sán títí wọ́n á fi dé ara tó yè, láti inú àti láti ìta, wọ́n á lẹ fáíbà lé e ní ìpele ìpele, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó fẹ̀ jù lẹ́yìn, kí wọ́n sì fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó tó le. Ọ̀dà ló máa gbẹ̀yìn, ọ̀dà ọkọ̀ omi sì ni, kì í ṣe ọ̀dà mọ́tò. Má ṣe èyí tó kù yìí fúnra rẹ. Ọkùnrin oníṣẹ́ fáíbà ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè. Lọ kí i fún mi, sọ fún un pé àna Ifẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, pé mò ń bọ̀ wá di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, èmi àti ìyá rẹ á wá. Èmi ni màá máa ha, òun ni yóò máa kàn án tí yóò máa gbọ́ ọ. Màá dúró ní èbúté lọ́jọ́ ọjà, màá sì fi ẹnu ara mi sọ fún àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó bá ṣì rántí ìdí tí Bàbá kò fi kó wọn mọ́. Sọ fún Àǹkù Olú pé mo ti sọ ohun gbogbo fún ọ. Kò fi ọkọ̀ dù ọ́ o, èmi ló ṣì ń bò láṣìírí. Ní báyìí ná, máa tètè jí wọ ọkọ̀ èrò. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá tún bínú, fi ìwé yìí hàn án. Ó sàn kí ó fi èmi rẹ́rìn-ín ju kí ó wá ọ lọ́dọ̀ àwọn òmùwẹ̀.

Mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí sókè fún ìyá rẹ. Ó tún ibì kan ṣe: ọ̀sẹ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ kọ, ó ní kí n kọ mẹ́ta. Mo bi í bóyá ó ku nǹkan. Ó ní mo ti bẹ ìwọ, mo ti bẹ oníṣẹ́ fáíbà, mo fẹ́ lọ bẹ àwọn ẹlẹ́ja, mo sì ń kábàámọ̀ pé bàbá òun ti kú kí n tó bẹ̀ wọ́n. Ó ní, “Ṣùgbọ́n èmi ò tíì kú, Bàbá Káyọ̀dé.” Mò ń gbé bírò sílẹ̀ báyìí, kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá rẹ.